Okùn Ìwọ̀n

Èmi ni mo di ìdí okùn ìwọ̀n mú
lọ́jọ́ tí ìjọba ìlú rán wa gun Òkè Santa Erminia,
lẹ́yìn odi Lima, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀,
tí kùrukùru ń sunkún díẹ̀díẹ̀ sórí páànù ilé
títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Ọ̀gá mi, Nicanor Ayquipa, di orí okùn mú,
ìwé òfin wà lábíyá rẹ̀:
itẹ́ òkú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé alààyè,
kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga, ilé ìwé, ilé ìwòsàn;
igba mítà, ó kéré tán.

Òfin tó dáa ni. Mi ò bá òfin jà.
Omi tó gba abẹ́ pósí kọjá
kì í sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún ẹni tó ń mu ún.

Àmọ́ mo fi ìdí okùn kan sàréè àkọ́kọ́,
àgbélébùú pákó tí wọ́n kùn ní búlúù, tí orúkọ ti ṣí lára rẹ̀;
ọ̀gá ń fà á lọ, ó ń fẹ̀yìn rìn,
ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan ògiri.
Mítà mẹ́rin àtààbọ̀.
Ilé ìdáná Saturnina Ccollana ni.
Ìkòkò ń hó lórí iná. Ó ní ká wọlé, ká jókòó.

"Ẹ bá mi bi ìwé yín léèrè," ló wí,
"ta ló kọ́kọ́ dé?
Nígbà tí ogun lé wa kúrò lórí àwọn òkè ọ̀hún,
iyanrìn ni gbogbo ibí, ajá kan ò gbó.
Oṣù mẹ́jọ ni Nélida mi nígbà tí ikọ́ mú un lọ.
Itẹ́ òkú tí òfin mọ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún;
owó ihò kan níbẹ̀ ju owó iṣẹ́ ọkọ mi lọ́dún kan.
Wọ́n ní òkú ò mọ iye tí wọ́n ra aṣọ òun.
Èmi mọ̀ ọ́n.
Ṣọ́bìrì àyálò la fi sin ín síbí, lóru.
Òun ni ará àdúgbò àkọ́kọ́.
Èmi ni mo wá kọ́lé tì í.
Ṣé kí n fi igba mítà jìnnà sí i ni?"

Ọ̀gá mi ń wo bàtà rẹ̀.
Ọbẹ̀ ọ̀dùnkún ló bù fún wa. Mo jẹ tèmi tán.

A ka òjìlénírínwó sàréè kí oòrùn tó yọjú.
Kànga? Kò sí kànga.
Ọkọ̀ ńlá ló ń gbé omi gòkè wá, tí wọ́n ń rọ ọ́ sí àgbá.
Ilé ìwé? Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àgbélébùú,
sàréè bàbá àgbà ẹnìkan ni òpó ilé gòólù;
wọ́n ní ó máa ń ṣọ́ ilé dáadáa.
Nínú fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá ń kọ
àyè wà fún iye mítà, àyè wà fún ọjọ́ àti òǹtẹ̀.
Kò sí àyè fún ẹni tó kọ́kọ́ dé.
Ó yí i sẹ́yìn, ó kọ nǹkan síbẹ̀.
Mi ò rí ohun tó kọ.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ní ká lọ ri pátákó mọ́lẹ̀:
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú síhìn-ín mọ́.
Ilẹ̀ le koko, a ò sì mú dígà dání.
Ọkùnrin méjì tó máa ń gbẹ́ ihò fún àwọn olókùú
jáde wá ràn wá lọ́wọ́, wọn ò gba kọ́bọ̀.
Èyí àgbà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́,
ó wo òpó pátákó náà látòkè délẹ̀
bí ẹni ń fojú wọn ẹni tó sùn,
ó sì bi mí jẹ́jẹ́:
"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó lẹ fẹ́ kó jìn?"